Wákàtí Kan ní Ẹnubodè Zuwéílà

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin àlejò.
Inṣirá lorúkọ mi. Wákàtí kan péré lẹ san owó rẹ̀,
ìlú Káírò sì ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ:
ẹ má bínú bí mo bá fo nǹkan.

Ẹ gbójú sókè.
Ilé gogoro méjì ló gun ẹ̀yìn ẹnubodè yìí
bí ìbejì tí ìyá kan pọ̀n pọ̀,
tí ọ̀kan kò fẹ́ rẹlẹ̀ fún èkejì.
Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ fẹ́ kí n sọ
ti àwọn orí tí wọ́n bẹ́, tí wọ́n fi kọ́ síbí láyé ijọ́un.
Mo ti sọ ọ́. Ó tán. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ẹ yà fún ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn!
Àtẹ búrẹ́dì ló rù, ó gùn tó ilẹ̀kùn.
Ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, èkejì di búrẹ́dì mú,
ẹsẹ̀ ló kù tó fi ń bẹ Ọlọ́run.

Abẹ́ òrùlé onípákó yìí làwọn aránṣọ àgọ́ wà.
Ọkùnrin ní ń rán an. Ẹ wo Ọ̀gá Fákírì
tó ká ẹsẹ̀ sórí pèpéle,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí eku tó mọ ihò rẹ̀.
Baba ńlá rẹ̀ rán àgọ́ fáwọn tó ń lọ Mẹ́kà;
òun ń rán ìrọ̀rí fún yín.
Àlejò kan bi í lánàá bóyá ẹ̀rọ ló fi rán an.
Láti àná, kò tíì dáhùn kíkí mi.

Ẹ dúró. Èyí kò sí nínú ìwé tí mo pín fún yín.
Fèrèsé onírin yìí, tí eruku ti di ìbòjú fún,
ilé omi ni.
Ẹnì kan tó ní owó, tó sì ń bẹ̀rù sàréè,
ló kọ́ ọ kí òùngbẹ má baà pa ẹni tó ń kọjá.
Omi wà nísàlẹ̀, ilé kéú wà lókè:
àwọn ọmọ ń ké Àlùkùránì,
ohùn wọn ń já bọ́ sínú ife ẹni tó ń mu.
Bàbá tó bí ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó ru omi wá síbí,
nínú àpò awọ ewúrẹ́, láti etí odò Náílì.
Èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀ ju èkejì,
tó bá dúró lórí ìrun, a dà bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀ gbọ́ ilẹ̀.
Ihò tí wọ́n so ife mọ́ rèé.
Ẹ fi ìka bọ̀ ọ́.
Gbogbo yín.

Láti ìgbà tí a ti jáde lẹ ti ń béèrè
ibi tí ẹ ti lè ra omi.
Ní ìkòríta yẹn. Súhá, ọmọ mi, ló ń tà á,
onígò, tútù, kò sí ẹ̀dínwó.
Mo mọ ohun tí ẹ ń rò.
Èmi náà ń rò ó nígbà tí a bá ń ka owó lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà káfíńtà yìí.
Ìkòkò amọ̀ méjì, ife agolo kan.
Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kún.
Ta ní ń pọn ọ́n? A kì í béèrè.
Ẹ̀yin tí dókítà yín kò gbà fún,
ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ìkòkò náà.
Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ kan án.

Wákàtí ti pé; ẹ gbọ́, wọ́n ń pe ìrun.
Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa gbà padà o, kì í ṣe òsì.
Òsì ni mo gbà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje,
wọn kò rí mi títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì,
n kò sì tíì sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.