Búlúù Méje

Jókòó, Olúdàre. Gbé àpò náà lé mi lórí itan,
má tíì sọ iye ọdún tí wọ́n pè é fún ọ.
Ojú kọ́ la kọ́kọ́ fi ń wo ìlẹ̀kẹ̀,
eyín ni.

Mo fi ẹyọ kan kan eyín: ó tutù.
Rọ́bà a máa lọ́wọ́ọ́rọ́ bí itọ́,
dígí ló ń tutù bí omi àmù ní ìdájí.
Ìyẹn nìkan kù díẹ̀ káàtó. Dígí àná náà ń tutù.

Yí inú rẹ̀ síta fún mi.
Ẹ̀yìn iṣẹ́ ò mọ irọ́ pa.
Wo okùn yìí: òwú àfọwọ́ran ni,
wọ́n fi ìda oyin pa á lára kó má baà tètè já.
Ọ̀rá ìpẹja ni tòde òní, dídán ṣáá ló mọ̀.
Wo ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀: kò sí méjì tó dọ́gba,
òmíràn yọkùn, òmíràn rù bí aláàwẹ̀.
Kò ní sípì lẹ́nu. Bọ́tìnnì eegun kan ni,
ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Fi imú sí i. Ṣé o gbọ́ ọ?
Kòkó. Kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní
lẹ́yìnkùlé yín ní Odòjọmu, tí òjò pa lẹ́ẹ̀kan.
Ìyá-ìyá rẹ ò gbé e lọ ṣe fáàrí níbì kankan.
Ìwé òṣùwọ̀n kòkó ló ń kó sí i,
àti sílè, kí a tó fi sílè sílẹ̀.

Oníbàárà rẹ l'Ákùúrẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún?
Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún dùn ún pè.

Dúró ná.
Sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ibí.
Ní igun òsì, lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ yìí,
búlúù méje tí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù.

Háà.
Ọwọ́ mi nìyí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́dọ̀ Ìyá Akínsuyì l'Ókèlísà,
wọ́n ní kí n dí ojú ibi tí eku jẹ.
Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tán nínú igbá,
mo fi èyí tó kù dí i,
mo ní ta ni yóò rí i.
Ìkó ló dáhùn lórí mi: kó!
Ó ní, "Ẹni tí yóò rí i ń bọ̀ lọ́nà."

Kọ ọ́ fún oníbàárà rẹ:
ọgọ́ta ọdún ó lé méjì ni mo lè búra sí.
Ogbó ti wà lára rẹ̀ kí n tó bá a pàdé,
àwọn tó mọ ti ìṣáájú ti sùn.

Owó iṣẹ́ mi? Ó dọ̀la.
Mo fẹ́ tú búlúù méje yẹn, kí n wá ẹgbẹ́ wọn...
Rárá. Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.