Ìwé Kékeré sí Halyna

Halyna, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù.
Èmi Ìbídùnní ni, tó máa ń jókòó nítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná,
tí ẹ yá ní bírò lọ́jọ́ Ẹtì tí n kò tíì dá a padà.
N kò bá ìjà wá.

Lánàá mo rí i pé ẹ ti yọ ìbéèrè Tesfalem
kúrò lára pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé.
Ẹ fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé:
“A ti dáhùn èyí rí. Ẹ wo ìwé kejìdínlógún.”

Mo wo ìwé kejìdínlógún.
Lóòótọ́, ẹnìkan ti béèrè léèṣí
ibi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù tó ń tàn bí oòrùn.
Ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Portage, dọ́là márùndínlógójì.
Ṣùgbọ́n gílóòbù kọ́ lọmọ yẹn ń wá.
Ohun tó kọ ni pé: “Bí ilẹ̀ bá ti ṣú láago mẹ́rin,
kí lẹ máa ń fi ìyókù ọjọ́ ṣe?”

Ìbéèrè méjì lè wọ ẹ̀wù kan náà
kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ìyá.

Mo mọ iṣẹ́ yín. Mo ṣe tíṣà n'Ìkìrun fọ́dún mẹ́rìnlélógún,
mo mọ bí pátákó ṣe ń dà bí kò bá lólùtọ́jú:
ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó ń ta mọ́tò,
ẹni tó ń bú ẹni tó ń ta mọ́tò.
Nígbà tí ẹ yọ tèmi lóṣù Kẹwàá, ìbéèrè orí owó orí,
mo bínú délé, mo gbé ẹ̀wà kaná, ẹ̀wà jóná.
Kí n tó sùn, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jàre.

Èyí yàtọ̀.
Ẹni mẹ́ta ti kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.
Ọ̀kan ń hun ìbọ̀sẹ̀.
Ọ̀kan ń pe ìyá rẹ̀ ní Manila, níbi tílẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀.
Ẹ̀kẹta ní: “N kò mọ̀. Èmi náà ń wá a.”
Ẹ̀kẹta yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún jù.
Bí ẹ bá kà á tí ẹ sì ní ibi tí ẹ dé náà lẹ dúró sí,
n óò ṣì kí yín lọ́la.
Àìgbà mi kì í ṣe àìbọ̀wọ̀.

Mo fi ìwé náà sábẹ́ ife tíì rẹ̀.
Nígbà tí mo padà láti ibi ìwé ìròyìn
ó ti fi pẹ́ńsù pupa kọ ìlà kan sísàlẹ̀:
“Mo ti kà á. Mi ò tíì gbà.”

Mo dúró de bọ́ọ̀sì lórí yìnyín. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú,
òkùnkùn ti bo Winnipeg,
bírò rẹ̀ ṣì wà lápò mi,
mo sì ń lá “tíì” yẹn lẹ́nu bíi súìtì,
n kò fẹ́ kó tètè yọ́.