Sí Akínrìnlọlá, Tó Ń Pẹja Lórí Yìnyín

Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ dé lálẹ́ àná.
Mo fi han Màámi. Ó ní kí n yí fóònù náà dáadáa,
bóyá ńṣe ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀.
Omi tó le bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì,
ọmọ òun jókòó lé e nínú àgọ́ pupa,
ihò kan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ojú kànga.
Ó ní, “Ṣé ẹja ń gbé inú fìríìjì láàyè ni?”
Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Ṣùgbọ́n mo wo inú àgọ́ rẹ, àbúrò.
Ẹrù rẹ fọ́n káàkiri
bí agbo adìyẹ tí àṣá já wọ̀.
Ìwọ̀ lórí ìbùsùn, bàtà lórí oúnjẹ,
iná fẹ̀yìn ti aṣọ àgọ́.
Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?
Àbí o ti gbàgbé tapólì búlúù wa létí odò Ọ̀wẹnà,
nígbà tí ọyẹ́ bá ń la ètè
tí ìrì ń kán látorí ewé kòkó bí ẹni ń ka owó?

Bàbá kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́.
Àpò ìwọ̀ lápá òsì,
nítorí ọwọ́ òsì ló ń ṣófo nígbà tí ẹja bá fa ọ̀tún.
Ekòló nínú agolo mílíìkì, lábẹ́ àpótí,
níbi tí ooru ò ti ní sè é.
Fìtílà lórí ọ̀pá iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn láé:
òjìji apẹja ló ń lé ẹja sá.
Gààrí àti ẹ̀pà, ọ̀dọ̀ tèmi.
O mọ ìdí tí wọn kì í fi gbé e sọ́dọ̀ tìẹ.

Lẹ́yìn náà ni yóò gbé àdògán wọlé,
èédú pupa nínú rẹ̀ bí ojú ẹni tí ò sùn,
ẹsẹ̀ méjì sí tapólì, ẹsẹ̀ kan sí orúnkún wa.
Kò ní tíì jókòó
tí yóò fi gbé etí tapólì sókè níbùú ọwọ́ kan,
yóò fi àjẹ̀ há a.
“Òtútù ń wọlé, Bàbá.”
“Ẹ jẹ́ kó wọlé. Òun náà fẹ́ yáná.”

A rẹ́rìn-ín.
Títí di ọdún tí Fáloyè ará Bọ́lọ́rundúró
fi àkísà dí gbogbo ihò àgọ́ tirẹ̀,
ó tún fi ẹrẹ̀ lẹ̀ ẹ́.
Àárọ̀ la bá a, ó jókòó dáadáa,
èédú ti di eérú,
okùn ìwọ̀ ṣì wé mọ́ ìka rẹ̀,
ẹja kan ṣì ń fà á.
Bàbá ló tú okùn yẹn.
Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó dá a padà sómi.
Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè.

O ní gáàsì ni tìẹ,
pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ké bí afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́.
Ó dáa. Inú mi dùn sí ẹ̀rọ.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè sùn, Akínrìnlọlá.
Ṣí sípù yẹn nísàlẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan.
Ọwọ́ Bàbá, kì í ṣe tìẹ.

Tapólì náà ṣì wà. Kòkó la fi ń bò báyìí.
Ojú ibi tí iná jó ṣì wà létí rẹ̀,
èyí tó o ní eku ló jẹ ẹ́.
Bàbá mọ̀ pé irọ́ ni. Ó kàn rán an.

Màámi tún ní kí n bi ẹ́,
ẹja ibẹ̀ yẹn,
ṣé ó ní ìpẹ́?