Ọta Aró

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n ní àwọn ó fún mi,
pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì,
pé kí n wá ṣe ìyá onílé
nínú ilé tí kò ní onílé:
kíláàsì àlòpatì kan lọ́nà Ìlobù, tí ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀,
tí wọ́n fi páálí pín sí yàrá àti pálọ̀.
"Ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe nílé," Ìsípẹ́kítọ̀ Mùdá ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo ní, "Nílé, aṣọ ni mò ń rẹ láró. Ṣé kí n ru ìkòkò wá?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ohun tí ọwọ́ mi bá ti mọ̀.
Mo mú ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń ya ẹ̀kọ sáṣọ.

Ìbọn wọn kì í pààyàn. Ọta rẹ̀ rọ̀ bí ẹyin aláǹgbá,
bó bá bà ọ́, á fọ́, omi búlúù á tú jáde.
Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀, ariwo tòótọ́ ni:
àdán inú àjà sá jáde lọ́sàn-án gangan.

Kọ́ńsítébù Ọdẹ́yalé ló kọ́kọ́ wọlé,
ọmọ ọdún méjìlélógún
tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò hù sí.
Wọ́n ti sọ fún un níta pé olè wà nínú ilé.
Wọn ò sọ fún un pé ìyá wà.
Ó ta ilẹ̀kùn nípàá. Mo yíjú.
Gbàà!
Àyà mi tutù.

"Kí lo rí?"
"Ìbọn, sà."
"Tún un wò."
Ó wò ó. Ìyẹ́ adìẹ, tí ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ lẹ́nu.
Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ọmọ náà ti ń gbọ̀n,
ni mo bá ní, "Ó dáa, mo ti kú. Òkú ò wa ní jẹ búrẹ́dì bí?"

Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n tún un ṣe.
Nígbà mìíràn Lásísì, ọ̀dẹ́ ilé epo,
a sá pa mọ́ ẹ̀yìn mi pẹ̀lú àdá onípákó;
nígbà mìíràn wọn a fi aṣọ dí fèrèsé, òkùnkùn a ṣú.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta.
"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."
Ohùn rẹ̀ ya bí ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ.
Mo na ọwọ́. Mo yè é.
Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án, ó kan àwa ará ìlú.
Tíṣà Ọ̀jẹ́wùmí ṣe tirẹ̀, kò yìnbọn rárá, olè gbé e lọ.
A rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín jù.
Wọ́n gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́,
ó wúwo ju ọ̀pá aṣọ márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú aró jáde.
"Ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Alẹ́ ti lẹ́. Ẹnì kan ń bọ̀."
Ọdẹ́yalé ni. Mo mọ̀ pé òun ni.
Ó rìn wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti ọwọ́ bọ àpò.
Ìka mi ti ṣe é kí orí mi tó gbọ́.

Búlúù ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wọ inú kọ́là.
Ó ṣí ọwọ́: àpòòwé funfun kan,
owó mi ló wà nínú rẹ̀,
orúkọ mi lẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ ní "Rafatu".
"Kí lẹ rí, Ìyá?"
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọwọ́ bọ aró,
ní Òṣogbo ìlú aró, èékánná mi ò funfun mọ́.
Mo sọ fún un pé kó fi omi òroǹbó àti ọṣẹ dúdú fọ kọ́là,
á lọ kó tó di Jímọ̀.
Bùbá tèmi, mi ò tíì fọ̀ ọ́.
Ó wà lórí okùn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Àwọn oníbàárà ń dúró wò ó:
"Ràfátù, àdìrẹ wo nìyí? Kí lorúkọ rẹ̀?"
Mo ní kò tíì lórúkọ.