Gbàǹjo Iná

Èmi ni mo lẹ iye owó mọ́ páálí náà:
yúrò mọ́kànlá,
gílóòbù mẹ́ta àti àpótí funfun kékeré tó ń pàṣẹ fún wọn.
Ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, tuntun rẹ̀ ń lọ bí àádọ́rùn-ún.
Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí i lára pé: Ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìwé ìlò.

Ní Ivalo níbí, a kì í ná ọjà.
Bí o bá pe mọ́kànlá, oníbàárà á ka mọ́kànlá,
tàbí kó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin,
kó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kó jáde sínú òtútù.
Àmọ́ Aune Kyrö ní ọgbọ́n tirẹ̀.
Dídúró ló ń dúró.
Oṣù Kẹsàn-án, ó wá wò ó ní mẹ́rìnlélógún.
Oṣù Kẹwàá, ó wá wò ó ní méjìdínlógún,
ó fọwọ́ kan etí páálí, ó ra ṣíbí kan, ó lọ.
Nígbà tí oòrùn ṣe bí ẹni tó lọ sójà tí kò bọ̀ mọ́,
tí Oṣù Kejìlá da aṣọ dúdú bò wá lórí,
mo já iye rẹ̀ wálẹ̀.
Kí n tó tan iná ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀,
ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín lórí fìlà rẹ̀,
owó ẹyọ ní àtẹ́lẹwọ́, ó ti kà á pé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló padà wá.
Mo ti nawọ́ sí dúrọ́ọ̀ owó, mo rò pé ó wá dá a padà ni.
Ó ní: "Iná yín ń jí mi.
Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pàá! ilé ìdáná mọ́lẹ̀.
Mi ò rán an níṣẹ́.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́, á máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ojú ọmọ tí oorun ń kùn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán, ó pọ́n fòò
fún ìṣẹ́jú kan, ó tún padà sípò.
Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

Kí n purọ́ ni?
Èmi ni mo gbé páálí náà nínú bùútù ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin,
pẹ̀lú bàtà yìnyín méjì àti rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Oiva ni. Oiva tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
wa katakata tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì.
Ó kú nígbà tí yìnyín orí odò ń yọ́.
Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún gílóòbù.

Aune dákẹ́. Fíríìjì àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kùn.
"Mo mọ katakata yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn.
"Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, lábẹ́ fèrèsé mi, kíríkírí, kíríkírí.
Mo ti ṣẹ́ èpè fún un títí ó fi sú mi.
Mi ò mọ̀ pé ó lórúkọ."

Mo ní ihò bíńtín kan wà lẹ́yìn àpótí,
abẹ́rẹ́ la ó fi tẹ̀ ẹ́, ká kà dé mẹ́wàá,
gbogbo ohun tó ti kọ́ á parẹ́,
á di òpè bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.
Mo ti ń wá abẹ́rẹ́.
Ó fi ìbọ̀wọ́ gbá mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.
"Fi í sílẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo ń gbé kọfí kaná báyìí.
Ṣé gílóòbù kan ṣì wà tó bá a mu? Ẹnu ọ̀nà mi ṣókùnkùn."

Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀, ìlà bí irun lára gíláàsì rẹ̀.
Mo pè é ní yúrò kan.
Ó san méjì, kò dúró gba ṣéńjì.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ò tíì mọ̀dí ẹ̀.
Mo pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, òun náà ò mọ̀.
Bóyá oògùn. Bóyá obìnrin kan.
Bí aago méjì bá ku díẹ̀ lọ́jọ́ náà,
èmi gan-an a máa rìn dé ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù
láti wo òdì kejì odò, ilé kẹta,
kí n lè rí i nígbà tó bá pọ́n.