Re Dò Mí

Ó kọ orúkọ ìlú wa sára pátákó, Oǹdó,
ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí bíi káfíńtà,
ó ní, "Ẹ má kà á. Ẹ kọ ọ́ lórin."
Àwa ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú ń wojú ara wa.
Ó fọwọ́ kan okùn gìtá lẹ́ẹ̀mẹta:
re, dò, mí.
"Àwọn tó sọ ìlú yìí lórúkọ
ti ń ta gìtá kí wọ́n tó gbẹ́ igi rẹ̀."
Àkúrẹ́ ńkọ́? ni Ìbídùnní bèèrè, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti wá.
"Dò, mí, mí. Ìyẹn gun òkè, kò tíì sọ̀ kalẹ̀."

Túyì Fámúwàgún ló wà nínú ìwé ìjọba.
Tíṣà Jáàsì ni gbogbo Òdòsìdá ń pè é.
Àwọn bàbá wa ń pè é ní Ọ̀lẹ-tó-rìn-jìnnà.

Owó kòkó ọdún kan ló bí gìtá náà.
Wọ́n fún un lówó máṣíìnì ìránṣọ,
ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn,
ó gbé àpótí dúdú kan bọ̀ tó rí bíi pósí ọmọdé;
ìyá rẹ̀ ti figbe ta kó tó ṣí i.
Bàbá rẹ̀ ní, "Lọ ta gìtá yẹn!"
Ó lọ. Ó ń ta gìtá.
Ọdún mọ́kànlá: ilé ọtí, ọkọ̀ ojú omi, Gánà,
ìlú òtútù kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pè dáadáa,
lẹ́yìn àwọn ọ̀gá tí orúkọ wọn wà lára páálí àwo orin
tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.
Kì í sọ púpọ̀. Ó ní òtútù máa ń mú okùn parọ́.

Ikú bàbá rẹ̀ ló pè é wálé.
Nínú oko kòkó, ọdún yẹn gan-an,
àdá gé orí ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀.
Wọ́n ní ó jókòó ti ẹ̀jẹ̀, ó ń ka okùn nínú:
èwo ni ọwọ́ mi ṣì lè dé?
Ìka mẹ́ta ló fi kọ́ gbogbo rẹ̀ padà.
Ìdí nìyí tí àwa ọmọ rẹ̀ kì í fi lo ìka kẹrin
títí di òní. Ó pé sí wa lọ́wọ́ o.
A kì í lò ó.

Okùn kẹfà já, kò sí òmíràn títí dé Àkúrẹ́.
Ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò.
Ó ń dún bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn.
Ó ní kí a máa kí i ní pẹ̀lẹ́.

Báyìí ló ṣe la jáàsì yé wa:
ìyá rẹ rán ọ níyọ̀.
O gba ẹ̀yìn ilé ìwé, o wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù,
o bá ajá ẹlòmíràn ṣeré, o sọ òkò sódò,
o tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara rẹ díẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ọbẹ̀ ti ń hó,
iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.
"Ẹni tó lọ tààrà, tó bọ̀ tààrà, òun náà mú iyọ̀ dé.
N kò bá a wí. Kò kàn rí nǹkan kan ni."

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀,
Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, nínú kíláàsì wa.
Òjò ká a mọ́ àárín orin.
Láti ibẹ̀ lọ, páànù nìkan ni mò ń gbọ́.
Ogún ọdún ni mo fi bínú sí òjò yẹn.

Lálẹ́ àná, tépù náà há sẹ́nu ẹ̀rọ.
Mo fi bíírò yí i padà, díẹ̀díẹ̀,
mo tún gbé e sí i, mo sún etí mọ́ ọn.
Kò dákẹ́ rárá.
Ó wà lábẹ́ òjò, ó ń dè é níbi tó bá ti mí,
ó ń bọ́ síbẹ̀,
okùn kẹfà ń sín,
ẹnì kan nínú wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi,
ń wí pé, pẹ̀lẹ́.