Ẹja Olówùú Pupa

Ọdún tí Mùnírátù wá láti Yunifásítì bá wa ní Ìlẹ̀mọnà
pé ìwà ẹja lòun fẹ́ mọ̀,
bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Ẹja tí mo ti ń pa láti kékeré,
ata àti iyọ̀ nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Síbẹ̀ ó bá a da àwọ̀n sí Ọ̀yun,
nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ.
Ẹpìyà mẹ́tàlélógójì,
ìpẹ́ kan náà, ojú kan náà, bí ọmọ ìyá.

Ó ń kì wọ́n bọ inú ìkòkò dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń gbé ìkòkò sínú agbada omi,
á ṣí ẹnu rẹ̀, á wo aago.
Tèmi ni kí n máa ka ìṣẹ́jú.
Òmíràn, a ò tíì mí kanlẹ̀, ó ti yọrí,
ó ti ń fimú kan ibi tí kò mọ̀.
Òmíràn, a jẹ̀kọ tán, a ṣan ọwọ́,
ó ṣì wà lókùnkùn, ó ń rò ó wò.

Òwú pupa nídìí ìrù ẹni tí kò lè dúró,
òwú aláró fún ẹni tí kò lè jáde.
A da gbogbo wọn padà sẹ́bàá òkúta kan.

Ẹnikẹ́ni ò lé wọn.
Ebi ò pa wọ́n.
Kí òjò ọdún náà tó dá,
apẹja kan lọ́nà Ìlọrin ránṣẹ́
pé òwú pupa wà nínú ìgèrè òun.
Aláró kan wà lábẹ́ òkúta wa,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Mùnírátù ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó tẹjú mọ́ omi, ó ní:
"Ṣèfíù nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ọkọ̀ oníṣu lọ ní ọmọ ọdún méjìlá,
tó gba Kùmásì kọjá,
tó fi iyán sílẹ̀ lábọ́ láìjẹ ẹ́ tán.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá fi ń bi ògiri pé
kí lòun fi ṣe é, ta ló nà án.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹja
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ibú wa gbẹ di àbàtà,
igbá la fi bu àwọn aláró.
Àwọn pupa ńkọ́?
Ọ̀pọ̀ ti wọnú ọbẹ̀ ẹlòmíràn.
Mi ò mọ èyí tó gbọ́n.

Ilé bàbá mi ni mo ṣì ń gbé.
Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú títì Ọ̀fà,
mo máa ń gbórí sókè, n ó tún gbé e sílẹ̀.
Ẹnu ìkòkò ti ṣí fún mi tipẹ́.
Ẹ bá mi ka ìṣẹ́jú.